Ẹ̀dá tí ń gbé láìlo ọ́ksíjìn

Ẹ̀dá tí ń gbé láìlo ọ́ksíjìn ni ẹ̀dá abẹ̀mí tó lè jẹun, kó dàgbà, kó sì bí sí i níbi tí ọ́ksíjìn kò sí. Bakitéríà àti àrkíà (ẹ̀dá tó jọ bakitéríà, àmọ́ tí kì í ṣe bakitéríà) tí ojú lásán kò lè rí ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá kan láti ìdílé olú wà lára wọn, ẹranko kéékèèké díẹ̀ náà sì wà. Irú wọn ló kọ́kọ́ gbé ayé, nítorí kò sí ọ́ksíjìn tó ṣe é kà sí nínú afẹ́fẹ́ títí di nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn. Ní Àbújá àti jákèjádò Òkè Ọya, wọ́n wà nínú ikùn màlúù, nínú sọ́kàwéè, nínú ẹrẹ̀ oko ìrẹsì àti nínú igbá nónò, wàrà kíkan àwọn Fúlàní.

Ìwárí àti ìsọ̀rí

Ní ọdún 1861, Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, kéde pé ohun abẹ̀mí kan wà tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ń fi maikirosikóòpù wo ẹ̀kán omi kan, ó sì rí i pé àwọn bakitéríà tó wà létí ẹ̀kán náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kàn wọ́n, dúró gbagidi, àmọ́ àwọn tó wà láàárín ń rìn kiri.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń pín wọn sí. Májèlé ni ọ́ksíjìn jẹ́ fún àwọn kan. Àwọn mìíràn, bí ìwúkàrà, ń lò ó bó bá wà, wọ́n sì ń gbé láìsí i bí kò bá sí. Ìsọ̀rí kẹta kì í lò ó, ṣùgbọ́n kì í pa wọ́n. Àwọn bakitéríà tó ń mú ògì àti nónò kan wà níbẹ̀.

Inú ṣàkì màlúù

Ṣàkì tí à ń rà ní ọjà Wúsè tàbí Gárkì jẹ́ ilé àwọn ẹ̀dá yìí nígbà tí màlúù ṣì wà láàyè. Inú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi 39 °C, ọ́ksíjìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, bakitéríà tó wà nínú mílílítà kan oje rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí alápatà bá fi ọ̀bẹ la ṣàkì lárọ̀ọ́ ọyẹ́ ní odò ẹran Karu tàbí Dei-Dei, ooru a rú jáde pẹ̀lú òórùn kíkan: òórùn ásíìdì tí àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ṣe ni.

Màlúù fúnra rẹ̀ kò ní èròjà tó lè tú okùn koríko palẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú ṣàkì ló ń bá a ṣe é, bó ti ń jẹ àpọ̀jẹ. Ásíìdì tó ń tinú iṣẹ́ wọn jáde ló ń fún màlúù ní nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá agbára tó ń lò. Àwọn ọmọ ìka wínníwínní tó mú kí inú ṣàkì dà bí táwẹ̀lì ló ń fa ásíìdì náà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí màlúù àwọn Fúlàní fi lè fi pòròpórò ọkà bàbà la ẹ̀ẹ̀rùn já. Nígbà tí àwọn ẹ̀dá náà bá sì ṣàn kúrò nínú ṣàkì lọ sínú ikùn rẹ̀ kẹrin, màlúù a dà wọ́n gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ; ibẹ̀ ló ti ń rí púpọ̀ nínú purotéènì rẹ̀.

Àwọn àrkíà ń gba háídírójìn tó ṣẹ́kù, wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ kábọ̀nì-dáyọ́ọ̀sáìdì, wọ́n sì ń sọ ọ́ di gáàsì mẹ́téènì tí màlúù ń gùn ní gùnfẹ̀. Bí ẹran bá já wọ abà àgbàdo tó sì jẹ ẹ́ ní àjẹjù, ásíìdì a pọ̀ kọjá ààlà nínú ṣàkì, ó sì lè pa ẹran náà. Olú tún wà níbẹ̀. Ní 1975, Colin Orpin fi hàn pé ohun kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ikùn àgùntàn jẹ́ olú. Ṣáájú ìgbà náà, èrò tó gbilẹ̀ ni pé kò sí olú tó lè ṣe aláìní ọ́ksíjìn.

Àrùn

Clostridium tetani, bakitéríà tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, ń sọ ara rẹ̀ di kóró líle nínú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ọgbẹ́ tó jìn, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ló ti ń jí. Kitasato Shibasaburō, ọmọ Japan, ló kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní 1889. Ìbátan rẹ̀, Clostridium chauvoei, ń pa ọ̀dọ́ màlúù. Ẹran itan a wú, a sì dúdú. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Sọ́kàwéè àti gáàsì ìdáná

Irú àwọn ẹ̀dá inú ṣàkì ló ń jẹ ìgbọ̀nsẹ̀ nínú sọ́kàwéè. Gáàsì inú rẹ̀ lè pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ láti yọ ọ́. Bí a bá kó ìgbẹ́ màlúù sínú àgbá tí a dé pa, mẹ́téènì rẹ̀ ṣe é fi dáná.

Ẹranko

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ará Ítálì ròyìn ẹranko kan, Spinoloricus, tí kò tó mílímítà kan, pé ó ń gbé láìlo ọ́ksíjìn nínú ẹrẹ̀ abẹ́ omi oníyọ̀ púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà, ní ìjìn tó ju 3,000 mítà lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ní 2020, wọ́n tún ròyìn Henneguya salminicola, afòmọ́ inú ẹran ẹja sámọ́ọ̀nù, tí kò ní ẹ̀yà jíìnì tí ẹranko fi ń lo ọ́ksíjìn.