Ẹ lọ wo ilé onídùúró kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lé olùtọ́jú lọ́wọ́

Ìyá ọmọ kan pè mí láti Gwarinpa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lífù ìbímọ ẹ̀ ti parí, ilẹ̀ ọ̀la ló ń padà síbi iṣẹ́, ajẹ́ńtì kan ti fi fọ́tò ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ní ṣé kóun san owó. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má tíì san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ màmá yín kí wọ́n wá dúró ti ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ìdílé wá olùtọ́jú ọmọ ní Abuja níbí, ibi tọ́rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù ni onídùúró. Gbogbo èèyàn ló ń gba fọ́ọ̀mù, fọ́tò ńbẹ, nọ́ńbà fóònù ńbẹ, àmọ́ ẹni tó máa dìde lọ wo ilé onídùúró ló wọ́n. Ẹ lọ. Tó bá jẹ́ Mararaba ló ń gbé, ẹ lọ ní Sátidé tílẹ̀ bá ń mọ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya má bàa dá yín dúró, ẹ jókòó ní pálọ̀ ẹ̀, ẹ bi aládùúgbò bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan mo tẹ̀ lé àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù títí, ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ni mo bá, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin tí onídùúró yẹn dúró fún ti lo ọjọ́ mẹ́rin nílé oníbàárà mi. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi dé ibẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ọmọ wà láyọ̀.

Ẹ gba NIN olùtọ́jú náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, díjíìtì 11 ló ní, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ ìbí ẹ̀ dáadáa. Ajẹ́ńtì á ní ọmọ ọdún 19 ni, ẹ̀yin náà á wojú ẹ̀, ẹ á rí i pé JSS ló yẹ kó wà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí ò bá tíì pé 18, kò sì fọwọ́ sí i kéèyàn gbà á ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀. Tí ò bá tiẹ̀ tó 12, òfin 2015 tí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ń lò lè sọ yín sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 7. Ọmọdé kọ́ ló yẹ kó máa tọ́ ọmọdé.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ kó wá fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tẹ́ ẹ wà nílé. Ẹ gbé fídà ọmọ fún un kó fọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á yọ rọ́bà orí ẹ̀, á yí inú ẹ̀ síta, á fọ ibi tí mílíìkì máa ń há sí kó tó bọ̀ ọ́ sómi gbígbóná. Ẹ bi í pé tára ọmọ bá gbóná, témi ò sì gbé fóònù ńkọ́? Ẹni tó ní òun á lo oògùn tóun bá rí nínú ilé, ẹ má gbà á o, ẹni tó ní òun á pe dádì, tí ò bá gbé e òun á sáré lọ bá ìyá tó wà nílé kejì, ìyẹn ni mo fẹ́.

Owó oṣù ẹ̀, ẹ san án sínú àkáǹtì tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì.

Màmá ìyá Gwarinpa yẹn ti dé láti Ìlọrin. Sátidé yìí, èmi àti ìyá ọmọ náà la jọ ń lọ wo ilé onídùúró ní Mararaba.