Ẹ pè é ní oògùn apòùngbẹ ọtí, ẹ jọ̀ọ́

Mo rí ibi tẹ́nì kan ti pe oògùn tí dókítà ń kọ fún ẹni tọ́tí ti di bárakú fún ní "ìtọ́jú àfoògùnṣe fún ìgbáralé ọtí", mo ní háà! Ẹ dúró sí Ọláìyá l'Óṣogbo níbí kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́kadà, á bi yín pé àdúgbò wo nìyẹn.

Ìgbáralé yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Èèyàn máa ń gbára lé Ọlọ́run, ó máa ń gbára lé ọmọ ẹ̀, òun ló yàn bẹ́ẹ̀. Ọtí tó ti wọra, ta ló yàn án? Bárakú làwọn bàbá wa ń pè é, ó fẹ́ bá ara dé sàréè, kí lẹ tún ń wá kiri?

Àwọn mìíràn ní "oògùn ìdáwọ́-ọtí-dúró", mo kọ̀, torí ohun táwọn ìyàwó ń dọ́gbọ́n bù sóbẹ̀ ọkọ nìyẹn máa mú wá sọ́kàn, èyí tí mò ń wí tablẹ́ẹ̀tì ni, dókítà ló ń kọ ọ́, ẹni tó ń lò ó sì mọ̀ pé òun ń lò ó. Òùngbẹ ọtí ló ń pa, ó tán. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní omi nìkan ni òùngbẹ wà fún, mo ní ẹ̀gbọ́n, ti ọtí ò gbẹ yín rí? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo naltrexone tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ọtí ní 1994. Ọtí dà bí onílù òde ìnáwó, tó bá ti kì yín báyìí orí á wú, ọwọ́ á wọ àpò agbádá, owó á máa já bọ́. Naltrexone ló wá jókòó lé àpò yẹn. Onílù á lù títí kò ní rí gbà, díẹ̀díẹ̀ ìlù ẹ̀ ò ní dùn létí mọ́. (Ẹni tó ń lo tramadol ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o.) Acamprosate àti disulfiram, oògùn ọtí míì, ní ọ̀nà tiwọn, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

"Àìdọ́gba àwùjọ" náà wà nínú ohun tẹ́ni yẹn kọ, bí ẹni ń ṣe ìṣirò, ìyàtọ̀ olówó àti tálákà ló ń wí. Ọ̀gá tó ń mu wisikí ní GRA, wọ́n á ní ọ̀gá ń jayé. Birikìlà tó mu paraga láàárọ̀ ní Old Garage, ọ̀mùtípara! Tí ó bá dàìsàn, wọ́n á gbé ọ̀gá lọ ọ́síbítù, wọ́n á wọ́ birikìlà lọ ilé àdúrà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Scotland wọ́n rí i pé ká tiẹ̀ ní iye kan náà ni wọ́n jọ ń mu, tálákà ni ọtí ń ṣe léṣe jù. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fi naltrexone àti acamprosate sínú oògùn kòṣeémánìí ní 2023, àmọ́ ní Amẹ́ríkà tó lówó pàápàá, nínú 100 àgbàlagbà tọ́tí ti di bárakú fún, àwọn tó lo irú oògùn yìí ní 2019 ò tó 2. Ti birikìlà wa wá ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún pé àìsàn ló ń ṣe é?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ "ìgbáralé", kó máa kọ ọ́ lọ, kó ṣáà má tàgì mí.