Òkúta Abẹ́ Ilẹ̀ Nìkan Kò Lè Sọ Èkìtì Di Ọlọ́rọ̀

Bí ọ̀rọ̀ àìlówó Èkìtì bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ pé, "Àwa tí lítíọ́mù àti wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ wa! Bí wọ́n bá jẹ́ ká wà á, ta ni yóò tún máa wo ọwọ́ Abuja?" Ẹ óò gbọ́ ọ nínú ìpàdé ẹbí, ẹ óò gbọ́ ọ lórí rédíò, àwọn ará wa tó wà lókè òkun sì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ nípa rẹ̀ lórí WhatsApp. Gbólóhùn kejì kì í jìnnà sí i: pé ká kọ́kọ́ là ná, bó bá yá a óò tún ilẹ̀ ṣe. Ìfẹ́ ìlú ló ń mú kí àwọn èèyàn sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ òdì ni méjèèjì, ẹ̀kejì sì léwu ju àkọ́kọ́ lọ.

Pé nǹkan wà nílẹ̀, òótọ́ ni. Ní agbègbè Ìjerò, òkúta funfun kan wà tí máíkà inú rẹ̀ máa ń tàn yanran bí oòrùn bá kọ lù ú. Inú irú òkúta yìí ni wọ́n ti ń rí tantalite àti columbite, àwọn òkúta tí wọ́n ń yọ irin olówó iyebíye nínú wọn, àti òkúta aláwọ̀ elésè àlùkò tí lítíọ́mù, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, wà nínú rẹ̀. Amọ̀ funfun tí wọ́n fi ń ṣe àwo àti táìlì wà káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Gíráníìtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Ẹni tó bá ti wọ Ìkẹ́rẹ́ ti rí òkè ńláńlá tó yí ìlú ká.

Ẹ wá wo bí òkúta yìí ṣe ń kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin yóò fi dígà wó o, wọn yóò fi òòlù fọ́ ọ, wọn yóò ṣà á, wọn yóò rọ ọ́ sínú àpò. Oníbàárà tí kò bá wọn gbé yóò wọ̀n ọ́n, yóò sọ iye tó wù ú nítorí òun nìkan ló mọ iye tó ń lọ lọ́jà àgbáyé, ọkọ̀ yóò sì gbé e lọ. Kò sí ẹni tó lọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó yọ́ ọ, kò sí ẹni tó yọ lítíọ́mù inú rẹ̀ kó tó kúrò.

Ta ló tiẹ̀ ni ín? Abala 44 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi gbogbo ohun àlùmọ́nì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sì tún un sọ. Gómìnà kò ní agbára láti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Dele Alake tí wọ́n yàn ní mínísítà fún ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2023, ọmọ Èkìtì ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ òkúta Ìjerò di ti Ìjerò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wọ́n wa òkúta tó tó mílíọ̀nù kan náírà, ká sì ní owó tí awakùsà yóò san fún ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦30,000 nìyẹn. Òfin ní kí ìpínlẹ̀ tí nǹkan náà ti jáde gba, ó kéré tán, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí, èyí tó jẹ́ ₦3,900. Àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ni ₦3,900 náà ń lọ, kì í ṣe ìlú tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá jí wà kò mú kọ́bọ̀ wọlé rárá.

Ẹ wá fi èyí wé ilé iṣẹ́ tó ń sọ amọ̀ di táìlì ní Èkìtì. Owó-orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tó ń gbé Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ ni, Abuja kì í pín nínú rẹ̀. Olóúnjẹ ẹnu géètì yóò tà, onímọ́tò yóò rí ẹrù gbé, ọmọ tó kàwé nípa ẹ̀rọ kò ní sá lọ sí Èkó. Èyí ni mo fi ń sọ pé inú iṣẹ́ tí a bá ṣe lórí òkúta kó tó kúrò nílé ni owó gidi wà. Láti ìgbà tí Alake ti dé ipò náà ni ìjọba àpapọ̀ ti ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ fi ètò bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí òkúta rẹ̀ nílé hàn. Ìlànà tó dára ni. Kí Èkìtì dì í mú ṣinṣin.

Ilé iṣẹ́ nìkan náà kò tó, kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, ní ilé iṣẹ́ bíríkì tí ìjọba dá sílẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọdún pípẹ́. Amọ̀ kọ́ ló tán ní Ìrè. Iná, àmójútó àti ọjà ni ilé iṣẹ́ fi ń wà láàyè, kò sì sí èyí tí wọ́n ń gbẹ́ jáde nínú ilẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ pé ká là ná ló ń dùn mí jù. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Nígbà tí odò náà fi máa dé Òṣogbo ní ọdún 2021, ó ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun sì sọ pé àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ló fà á. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí àwọn èèyàn ti ń bù mu láti ayébáyé! Ní Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ará abúlé ń fọ́ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn, wọn kò mọ̀ pé òjé tó ní oró pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Kò sí owó wúrà tó ra ọ̀kan nínú wọn padà.

Ní ilẹ̀ Ogoni, ọdún 1993 ni wọ́n ti dáwọ́ epo wíwà dúró. Nígbà tí àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbé ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2011, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 18, wọ́n bá benzene, èyí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, nínú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ní Nisisioken Ogale. Ó lé ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Àjọ náà sọ pé àtúnṣe ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30. Ẹni tó bí ọmọ lónìí yóò ti di bàbá àgbà. Ẹ bi ará Ogoni bóyá wọ́n là kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún ilẹ̀ ṣe.

Botswana ni wọ́n sábà máa ń fi dá wa lóhùn. Ó dáa. Wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní ọdún 1967, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n jókòó ti àwọn òyìnbó ilé iṣẹ́ tó ń wà á títí ìjọba fi gba ìdajì, wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti títì, wọ́n sì ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́. Ìwà yẹn ló gbé wọn ga. Síbẹ̀, nígbà tí ọjà dáyámọ́ńdì dẹnu kọlẹ̀, ọrọ̀ ajé wọn sún kì ní ọdún 2024, nítorí wọn kò tíì rí ohun mìíràn gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí: owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí Èkìtì ń fi yangàn sì ti ibẹ̀ gòkè.

Kòkó ọ̀hún ṣì wà, ó sì yẹ ká fún un ní àfiyèsí tí à ń fún lítíọ́mù. Ní ọdún 2023, ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tí wọ́n bá gbìn síbi tí wọ́n ti pa igbó run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò ní wọ ọjà wọn, àti pé ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà kò kú. Àgbẹ̀ tó jogún oko bàbá rẹ̀, tí kò fọwọ́ kan igbó ọba, òun ni òfin yìí lè gbè jù lọ, bí ẹnìkan bá lè bá a ya àwòrán oko rẹ̀ kó sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba lè fi fóònù ṣe nìyẹn. Kí wọ́n sì bá àwọn àgbẹ̀ wá ibi tí wọ́n lè máa sá kòkó sí yàtọ̀ sórí ọ̀dà, níbi tí èéfín mọ́tò ti ń wọ̀ ọ́ lára, tí oníbàárà sì ń tìtorí ẹ̀ gé owó.

Iná náà ti ń bọ̀ lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn àtúnṣe òfin ní ọdún 2023, Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fa àmójútó ọjà iná wọn lé lọ́wọ́ ní ọdún 2024. Ìjọba wa lè fún ilé iṣẹ́ sólà ní àṣẹ láti gbé iná fún àwọn tó ń lọ̀ fùfú, tó ń ṣe páànù, tó ń sun àwo ní Ìṣàn. Oòrùn kò sí nínú abala 44.

Bí ìwakùsà bá sì máa wọ ìlú yín, ẹ mọ̀ pé abala 116 òfin ọdún 2007 ní kí ilé iṣẹ́ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó parí sí ààfin nìkan pẹ̀lú ọtí àti àpò owó. Kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí olórí ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, kí agbẹjọ́rò ọmọ ìlú kà á sókè ní Yorùbá. Kí iye ọmọ ìlú tí wọn yóò gbà síṣẹ́ wà nínú ìwé, kí ẹni tí yóò máa yẹ omi wò wà nínú ìwé, kí owó tí wọn yóò fi dí kòtò sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bu dígà àkọ́kọ́. Ìlú tó ti buwọ́ lù ú láìkà á náà kò tíì pàdánù pátápátá: òfin ní kí wọ́n máa yẹ àdéhùn náà wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì tún un ṣe.