Ìdérí rédíétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, táńkì kàn ń bá a gbé omi dání ni

Tẹ́ ẹ bá gbé Mustang 1967 kúrò ní Mile 12 lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ rá pálá nínú gosìló dé Ogolonto, tẹ́ ẹ wá dé Sabo Ikorodu tẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kò ní pẹ́ tí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ṣọ̀ọ̀ọ̀, láti ẹnu páìpù kékeré kan tó sorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ẹni tó ń kọjá á ní "ọ̀gá, mọ́tò yín ń jò o!" Kò jò. Bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn, torí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ayé 1960 ò ní táńkì kankan tó ń gba omi tó bá yọ, ilẹ̀ ni táńkì wọn.

Ohun tó fà á ò le. Omi tó bá gbóná máa ń wú. Ẹ́ńjìnnì V8 ńlá (oní sìlíńdà mẹ́jọ) lè gba omi bíi lítà 15, tí omi yẹn bá sì kúrò ní bó ṣe tutù láàárọ̀ tó gbóná dé bíi 95 dígírì, á fi bí ìdajì lítà lé sí i, ìyẹn pure water kan odidi. Irin ò sì lè fẹ̀ bíi bàlúù kó fàyè gba pure water yẹn. Ibo ló máa gbà? Ìdérí rédíétọ̀ ló máa dá a lóhùn.

Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Sípíríǹgì wà nínú ẹ̀ tó tẹ rọ́bà mọ́ ẹnu rédíétọ̀, wọ́n sì kọ agbára ẹ̀ sórí ẹ, ó lè jẹ́ 13, ó lè jẹ́ 16 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn títẹ̀). Títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, omi tó yẹ kó hó ní 100 dígírì, tẹ́ ẹ bá fi bíi 15 psi tẹ̀ ẹ́, ó máa tó bíi 120 kó tó hó. (Ìdí tí wọ́n fi ń pariwo pé ká má ṣí i tó bá gbóná nìyẹn: bẹ́ ẹ ṣe ṣí i báyìí, títẹ̀ yẹn á lọ, omi inú ẹ̀ lè hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú yín ló sì ń bọ̀.) Tí omi bá wú ju agbára sípíríǹgì lọ, á gbé e sókè, á gba páìpù kékeré yẹn jáde. Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì ló sì máa ń ṣe é jù, torí pọ́ńpù omi ti dúró, fáànù náà ti dúró, irin tó gbóná ṣì ń da ooru sínú omi tí ò lọ síbì kankan mọ́. Oníjàpá Volkswagen ò tiẹ̀ mọ ìyà yìí rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ lára.

Lẹ́yìn náà ọkọ̀ á tutù, omi á sún kì, àyè á ṣófo nínú rédíétọ̀. Fáàfù kékeré kan wà láàárín ìsàlẹ̀ ìdérí yẹn, inú ló ń ṣí sí, á ṣí, á sì fa nǹkan wọlé. Tí páìpù bá sorí kodò sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa fà, afẹ́fẹ́ pẹ̀lú omi nínú irin, ìpẹtà ti dé nìyẹn. Ẹni tó ni ọkọ̀ á wá rí i láàárọ̀ pé omi ti lọ sílẹ̀, á rọ ọ́ kún dé ẹnu, ó bì í lálẹ́, ó tún rọ ọ́, ó tún bì í.

Iṣẹ́ táńkì ò ju pé kí ẹnu páìpù yẹn wà lábẹ́ omi nígbà gbogbo, kó lè jẹ́ pé omi ló máa fà padà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ra táńkì aláràbarà, wọ́n á so hóòsì mọ́ ọn, wọ́n á fi ìdérí àtijọ́ sílẹ̀. Ìdérí àtijọ́ ní rọ́bà kan ṣoṣo nísàlẹ̀, irin lásán ló wà lókè tó kan etí rédíétọ̀. Tó bá di àsìkò kó fa omi padà, afẹ́fẹ́ á gba etí òkè yẹn wọlé, ó rọrùn fún un ju kó gbé omi láti inú táńkì lọ. Ẹni tó bá fi síróò tó ya mu Fanta rí á mọ bó ṣe ń rí. Táńkì á máa gbà, kò ní dá nǹkan kan padà. Ìdérí tó ní rọ́bà méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, lẹ máa rà, kẹ́ ẹ sì mú ti tẹ́lẹ̀ dání lọ fi wọ̀n ọ́n torí ẹnu rédíétọ̀ ò jìn bákan náà, ti Toyota tokunbo tí wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín kéré jù.

Táńkì fúnra ẹ̀, lítà kan sí méjì ti tó. Rọ́bà funfun téèyàn ń rí omi nínú ẹ̀ dáa ju ti irin tó ń dán lọ, ẹwà ò ní sọ fún yín pé omi ti tán. Ẹ gbé e sítòsí ẹnu rédíétọ̀, kó jìnnà sí páìpù èéfín. Hóòsì gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ táńkì pátápátá, kó má jẹ́ èyí tó rọ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n bá fà á, kí kílíìpù sì wà lójú ibi tó ti so mọ́ rédíétọ̀. Ihò kékeré gbọ́dọ̀ wà lókè táńkì kó lè mí. Torí ẹ̀ ni táńkì Golf táwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn ò fi bá a mu, ìdérí tiẹ̀ náà ń tẹ omi, kì í mí bọ̀rọ̀. Ike La Casera ń ṣe é fúngbà díẹ̀ lóòótọ́ nítorí kò sí títẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ omi gbígbóná á ká a kò.

Tó bá ti tutù, ẹ rọ kúláǹtì (oògùn omi rédíétọ̀) tẹ́ ẹ fi omi lú kún rédíétọ̀ dé ẹnu, ẹ rọ táńkì dé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀, ẹ wà á, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí kúláǹtì dà sílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ àdúgbò ti ń jẹ̀, ó dùn lẹ́nu wọn, ó sì ń pa wọ́n. Omi táńkì á lọ sílẹ̀ láwọn àárọ̀ àkọ́kọ́ torí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń jáde, ẹ kàn máa fi kún un. Tẹ́ ẹ bá rí hóòsì ńlá òkè tó rún mọ́ra bíi ọ̀rá pure water tí wọ́n fa tán, fáàfù inú ìdérí ò ṣí nìyẹn, àbí hóòsì kékeré ti dí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí omi táńkì ń ta bọ́gbọ́bọ́gbọ́ láìdáwọ́ dúró, bíi ìgbà tọ́mọdé ń fẹ́ síróò nínú kọ́ọ̀pù, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀) ló jó, ó ti ń jó kẹ́ ẹ tó ra táńkì.