Ibi Tí Èèyàn Pọ̀ Sí Kọ́ Ni Èèyàn Ti Pọ̀jù

Tí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń kanlẹ̀kùn, màá bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìhà Kàbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogí, pé kí ni overpopulation. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń kọ lọ́dọọdún: "Kí èèyàn pọ̀ níbì kan, bíi ti Èkó." Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ Èkó. Wọ́n á tún fi kún un pé abúlé tiwa kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, torí pé èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Máàkì tí wọ́n ń pàdánù níbẹ̀ ń dùn mí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìgbàgbọ́ yẹn kì í kúrò lọ́kàn wọn tí wọ́n bá dàgbà, torí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Èkíní ni population density, tí mo máa ń pè ní iye orí lórí ilẹ̀. Ẹ ka èèyàn, ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ fi ilẹ̀ pín èèyàn, ó tán. Kò sọ bóyá wọ́n yó tàbí ebi ń pa wọ́n. Èkejì ni overpopulation, àpọ̀jù èèyàn. Ìyẹn ń wo nǹkan mẹ́ta pọ̀: àwọn èèyàn, ohun àmúṣọrọ̀ tí ọwọ́ wọn tó, àti ọgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ní láti fi lò ó. Ìgbà tí ohun àmúṣọrọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn kò bá lè gbé wọn mọ́, tí ìgbé ayé wọn ń bàjẹ́ sí i nítorí rẹ̀, ni a tó lè sọ pé wọ́n ti pọ̀jù.

Ẹ̀pà ni mo fi ń kọ́ wọn. Màá pe ọmọ méje síwájú, màá gbé ẹ̀pà bíbọ̀ kóńgò kan fún wọn. Màá pe méjì sẹ́yìn kíláàsì, màá ka hóró mẹ́fà sí wọn lọ́wọ́. Màá wá béèrè: níbo ni èèyàn ti pọ̀jù? Gbogbo ọwọ́ ló máa nà síwájú. Màá dákẹ́, màá ní kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà wọn. Àwọn méje á ṣì máa bó ẹ̀pà, èèpo á máa já bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àwọn méjì ẹ̀yìn á ti jẹ tiwọn tán, wọ́n á máa wo iwájú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rọra yí ọwọ́ rẹ̀ padà kí n tó tún béèrè. Ó ní, "Sà, ẹ̀yìn ni."

Ẹ jẹ́ ká gbé e kúrò lórí ẹ̀pà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 3,314,043 ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹ bá mi pín in, bíi 111 èèyàn ló bọ́ sórí kìlómítà kan níbùú lóròó. Íjíbítì ńkọ́? Èèyàn ibẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ, ilẹ̀ wọn sì jẹ́ bíi mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó. Tí ẹ bá pín ìyẹn náà, ohun tó máa jáde kò jìnnà sí ti Kogí ọdún 2006. Ṣé bákan náà wá ni wọ́n rí? Rárá o. Aṣálẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Íjíbítì, etí odò Náílì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn rọ́ sí. Ilẹ̀ tí ọkọ́ lè bọ́ sí lọ́dọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú ogún. Tí ẹ bá fi ilẹ̀ oko nìkan pín iye èèyàn wọn, ó ju 2,000 lọ. Ohun tí ìdánwò ń pè ní physiological density nìyẹn, ìdí rẹ̀ náà sì nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kàbà, ilẹ̀ tó gba iṣu, tó gba àgbàdo, ló pọ̀ ju èyí tí kò gbà á lọ.

Mélòó la fẹ́ kà? Ilẹ̀ Singapore kò tó 1,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì ju mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn lọ tó ń gbé orí rẹ̀. Èbúté àti òwò ló ń bọ́ wọn, ìgbé ayé wọn sì dára. Orílẹ̀-èdè Nìjẹ́ tó wà lókè wa, èèyàn tó wà lórí kìlómítà kan níbùú lóròó níbẹ̀ kò tó 30, síbẹ̀ ọ̀dá ti fi ebi pa wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọmọ tó bá ń ronú á wá bi mí pé, kí ló dé tí èèyàn tiwa fi kéré? Ẹlòmíì á ní ilẹ̀ wa ló burú. Òdì ni. Lára ohun tí ìwé jíógíráfì máa ń dárúkọ tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa àárín gbùngbùn Nàìjíríà ni eṣinṣin tsetse tó ń fa àrùn oorun, àti ìkónilẹ́rú. Ọ̀rọ̀ ìkónilẹ́rú yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ń já wọ Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú àti Owé, ìyẹn ilẹ̀ àwa Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Ọdún 1897, tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà, ló tó rọlẹ̀. Àwọn baba ńlá wa sá gun òkè, àwọn ìlú kan sì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lónìí tí àgbà ibẹ̀ ṣì lè na ọwọ́ sí àpáta tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ lọ, àwa wá ń sọ pé àìlọ́ràá ilẹ̀ ló jẹ́ kó ṣófo. Ó máa ń ká mi lára láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Òkun.

Ìgbàgbọ́ òdì yìí tún bí ọmọ kan: pé ibi tí èèyàn ti pọ̀jù ni èèyàn ń ṣí kúrò. Ẹ wo tiwa. Ta ló kúrò ní Ìyámoyè lọ sí Àjégúnlẹ̀ torí pé ilẹ̀ há mọ́ ọn? Àwọn ọ̀dọ́ Ìsánlú, Mopà àti Ìyàrá ń kúrò níbi tí ilẹ̀ wà, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti máa sùn mẹ́fà nínú yàrá kan l'Ékòó tàbí l'Ábújá. Ohun tó ń lé wọn ni àìríṣẹ́, ọ̀nà tí kò dáa, àti iná tí kì í dé. Ohun tó ń fà wọ́n ni owó oṣù àti ilé-ìwé. Èyí ni ìdánwò ń pè ní push àti pull, iye orí lórí ilẹ̀ nìkan kò sì lè ṣàlàyé ọ̀kan nínú wọn.

Ní agboolé màmá mi, ẹni mẹ́sàn-án ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Mẹ́ta ti kọjá ọdún 64, mẹ́rin kò tíì pé ọdún 15. Méjì péré ló wà láàárín. Ẹ ṣe ìṣirò dependency ratio, ìyẹn iye ọmọdé àti arúgbó sí ọgọ́rùn-ún ẹni tó wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́: méje lórí méjì, ẹ fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, 350 ni. Tó bá di Kérésìmesì, ilé á kún, wọ́n á tẹ́ ẹní dé ẹnu ọ̀nà. Kí oṣù kìíní tó lọ jìnnà, ó ti ku àwọn mẹ́sàn-án náà. Lásìkò kajú, èso á máa já bọ́ sábẹ́ igi, màmá á ṣà á títí tí ẹ̀yìn á fi máa dùn ún, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Underpopulation nìyẹn: ohun àmúṣọrọ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ tó máa lò ó ni kò tó. Nígbà tí Yorùbá ní èèyàn laṣọ, mo gbà pé irú ọwọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ má fi Malthus, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, nìkan dáhùn. Òun ló sọ ní 1798 pé èèyàn ń pọ̀ bíi 1, 2, 4, 8, oúnjẹ sì ń pọ̀ bíi 1, 2, 3, 4. Ní 1965, obìnrin ará Denmark kan, Ester Boserup, gba ọ̀nà mìíràn yọ: tí èèyàn bá pọ̀ sí i, wọ́n á wá ọgbọ́n dáko, wọ́n á dín ọdún tí ilẹ̀ fi ń sinmi kù, wọ́n á da ajílẹ̀, wọ́n á bomi rin oko. Èmi rí apá kan òótọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ilé níbí, ọdọọdún ni wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí i láìda ajílẹ̀, ó sì ti ṣá. Oko ọ̀nà jíjìn tí bàbá àgbà ń lò ti di igbó kìjikìji, torí kò sí ọ̀dọ́ tó máa rìn débẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá ilé ń bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi, ti ọ̀nà jíjìn sì ń retí ọkọ́, nínú abúlé kan ṣoṣo.

Nítorí náà, tí ìbéèrè bá ní kí ẹ fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ kọ iye orí lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ohun àmúṣọrọ̀, ọgbọ́n iṣẹ́, àti bí ìgbé ayé ṣe rí, kí ẹ tó ṣe ìdájọ́. Tó bá sì jẹ́ underpopulation ni wọ́n béèrè, ẹ kọ orúkọ abúlé yín, ẹ kọ iye ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lálẹ́, àti oko tí igbó ti bò.