Ọ̀rọ̀ “owe” lédè Túrkì: borçlu olmak àti borcu olmak

Tí wọ́n bá ní kéèyàn tú “owe” tí àwọn Òyìnbó ń sọ, ìyẹn kéèyàn jẹ ẹlòmíì lówó, sí èdè Túrkì, ohun tí dikíṣọ́nárì máa kọ́kọ́ gbé fún un ni “borçlu olmak”, ìyẹn kéèyàn jẹ́ onígbèsè. Ìyẹn ò burú o, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló wà, tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó lásán, “borcu olmak”, ìyẹn kéèyàn ní gbèsè lọ́rùn, náà ń bẹ lẹ́nu wọn dáadáa. Èdè Túrkì ò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tó dúró fún jíjẹ gbèsè bí àwa ṣe ní “jẹ”. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n ní, “borç”, gbèsè nìyẹn, ara ẹ̀ ni wọ́n ti ń fa gbogbo yòókù yọ, torí náà ẹni tó ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo irú gbèsè tí wọ́n ń sọ kó tó mọ èyí tó máa mú.

Bí wọ́n ṣe ń pè é

“Ç” tó wà níparí “borç” dà bí ìgbà téèyàn bá lẹ “t” mọ́ “ṣ”. Tí fáwẹ́lì bá ti tẹ̀ lé e báyìí, á rọ̀, á di “c”, “c” tiwọn sì rèé, bíi “j” tiwa ni wọ́n ń pè é: borcum (gbèsè mi), borcun (gbèsè ẹ), borcu (gbèsè ẹ̀). Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ èdè náà máa ń kọ “borçum”, àṣìṣe ni. Nínú “borçlu”, “l” ló tẹ̀ lé e, kì í ṣe fáwẹ́lì, ìdí nìyẹn tí “ç” ò fi yí padà. (Ọdún 1928 ni wọ́n gba álífábẹ́ẹ̀tì Látìn tí wọ́n ń lò báyìí, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, inú álífábẹ́ẹ̀tì tuntun yẹn náà ni “ş” wà, ìró kan náà pẹ̀lú “ṣ” tiwa.)

Gírámà ẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà gan-an. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni “borçlu”. “-lu” tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe irú iṣẹ́ tí “oní-” ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń dúró sí dípò iwájú ni. Tuz ni iyọ̀, tuzlu ni nǹkan oníyọ̀, borç ni gbèsè, borçlu ni onígbèsè. Fáwẹ́lì tó ṣáájú ló ń pinnu bóyá -lı, -li, -lu tàbí -lü ló máa jẹ́. Torí náà “Sana yüz lira borçluyum”, téèyàn bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “sí ẹ, 100 lírà, onígbèsè ni mí” ló jẹ́, èyí tí Yorùbá á kàn sọ pé “mo jẹ ẹ́ ní 100 lírà”.

Ọ̀nà kejì ni “borcu olmak”: “Sana yüz lira borcum var.” “Var” túmọ̀ sí pé nǹkan wà, “yok” sì ni pé kò sí, òun ni wọ́n fi ń sọ ohun tí èèyàn ní àti ohun tí kò ní. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé “gbèsè mi, 100 lírà, sí ẹ, wà”. Ó sún mọ́ “gbèsè wà lọ́rùn mi” ju bó ṣe sún mọ́ “mo jẹ” lọ. Tó bá ti san án tán, “Borcum yok”, ó parí.

Nínú méjèèjì, ẹni tí wọ́n jẹ lówó gbọ́dọ̀ gba àfòmọ́ (ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀) “-a” tàbí “-e”, tó dà bíi “sí” tiwa: bana (sí mi), sana (sí ẹ), ona (sí i), anneme (sí ìyá mi). Yorùbá máa ń fi ẹni yẹn sẹ́yìn “jẹ” tààrà, Òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń sọ “seni borçluyum”, tí kò tọ̀nà rárá.

Ohun tí wọ́n jẹ náà wá ní tiẹ̀. Iye owó máa ń dúró gbọọrọ láìní àfòmọ́ kankan, yüz lira, elli lira, bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ oore ni wọ́n ń sọ, àfòmọ́ á wọlé: “Hayatımı sana borçluyum”, “Başarımı anneme borçluyum”. “-ı” tó wà lẹ́yìn hayatım (ayé mi) àti başarım (àṣeyọrí mi) ló ń fi hàn pé nǹkan pàtó yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kankan má tú èkejì yẹn sí “mo jẹ ìyá mi ní àṣeyọrí” o. Ohun tí Yorùbá máa sọ ni “ọpẹ́lọpẹ́ ìyá mi ni mo fi ṣàṣeyọrí”. Irú gbólóhùn báyìí ò sì gba “borcum var” rárá, borçlu nìkan ló bá a mu.

Láti yáwó ni “borç almak” (gba gbèsè), láti yá ẹlòmíì lówó ni “borç vermek” (fún èèyàn ní gbèsè). Àwa ń fi “yá” ṣe méjèèjì, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ wo gbogbo gbólóhùn kó tó mọ ẹni tówó ń ti ọwọ́ ẹ̀ kúrò, Túrkì ò ní wàhálà yẹn. “Borçlanmak” ni kéèyàn kó sí gbèsè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí dikíṣọ́nárì kì í sábà fi síbẹ̀, tó sì yẹ kó wà níbẹ̀: “alacak”. Inú “almak”, ìyẹn gbà, ló ti wá, ohun téèyàn máa gbà lọ́jọ́ iwájú ló túmọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè sọ pé “Bana yüz lira borcun var”, ó sì lè yí i síbi tiẹ̀ kó sọ pé “Senden yüz lira alacağım var”, mo ní 100 lírà tí màá gbà lọ́wọ́ ẹ. Ọ̀kan náà ni wọ́n, àmọ́ èkejì gbé ẹni tó ń sin owó síwájú. Òun fúnra ẹ̀ ni “alacaklı”.

Nílé oúnjẹ àti ní ṣọ́ọ̀bù

Èèyàn jẹun tán ní ilé oúnjẹ kékeré kan, ó mu tíì nínú gíláàsì kékeré wọn yẹn, ó dìde, ó lọ bá ẹni tó ń gbowó, ó ní “Borcum ne kadar?” Tí wọ́n bá pọ̀, “Borcumuz ne kadar?” Ní tààrà, “gbèsè mi jẹ́ èló?” ni, bẹ́ẹ̀ kò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Èló lowó yín?” lásán ni. Wọ́n ń sọ ọ́ nínú táksì àti lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ náà. Ẹni tó ń túmọ̀ fíìmù tó bá fi “gbèsè” síbẹ̀, àwọn tó ń wò ó á rò pé àwìn ni ọkùnrin yẹn jẹ. Tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bá sì fẹ́ ṣe é lálejò, á ní “Borcun yok”, ìyẹn ni pé máa lọ, mi ò gbowó.

Àwìn gan-an ní orúkọ tiẹ̀, “veresiye”, inú “vermek” (fún) ló ti jáde. Ìwé tí bakkal, ìyẹn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò, ń kọ ọ́ sí ni “veresiye defteri”: orúkọ oníbàárà, búrẹ́dì, ẹyin, ṣúgà, iye owó, tí owó oṣù bá wọlé wọ́n á wá san án, wọ́n á fi bírò fa ìlà sí i. Àwọn míì ò gbà rárá, wọ́n á lẹ “Veresiye yoktur” mọ́ ògiri, àwìn ò sí. Àṣà kan wà tí wọ́n ní ó ti wà láti ayé Ottoman, ìyẹn ìjọba ńlá tó wà kí orílẹ̀-èdè Túrkì òde òní tó dé, “zimem defteri” (ìwé gbèsè): nígbà Ramadan, olówó kan á wọ ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á ní kí wọ́n ṣí ìwé gbèsè, á mú ojú ìwé mélòó kan, á san gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó san ò mọ onígbèsè, onígbèsè náà ò mọ ẹni tó san án. Àwọn kan ṣì ń ṣe é títí dòní.

Gbèsè tí kì í ṣe owó

“Bana bir özür borçlusun”, o jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀. “Vatan borcu”, gbèsè ilẹ̀ bàbá ẹni, iṣẹ́ ológun tí òfin ní kí àwọn ọkùnrin ṣe ni. “Boynumun borcu”, gbèsè ọrùn mi, ni ohun tó di dandan fún mi láti ṣe. Ọrùn tiwa náà ni gbèsè ń wà, èyí ò ṣòro láti tú.

Lábẹ́ òfin àti lórí fọ́ọ̀mù

“Türk Borçlar Kanunu” ni òfin nọ́ńbà 6098, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2012, tó rọ́pò ti 1926 tí wọ́n mú láti ọ̀dọ̀ Siwisalandi. Ẹni tó bá tú u sí “òfin gbèsè” ti sọ ọ́ di kékeré, torí gbogbo ojúṣe tí ẹnì kan ní sí ẹlòmíì lábẹ́ òfin ni “borç” níbẹ̀, títí kan iṣẹ́ téèyàn ṣèlérí àti àtúnṣe ohun téèyàn bà jẹ́. Nínú ìwé ìṣirò owó, òpó apá òsì ń jẹ́ borç, ti apá ọ̀tún ń jẹ́ alacak, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n jẹ ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìgbà. “Askerlik borçlanması” ló ń ṣini lọ́nà jù: kì í ṣe pé ológun yáwó, ẹni náà ń sanwó kí wọ́n lè ka àkókò tó fi ṣe ológun mọ́ ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ fún owó ìfẹ̀yìntì ni.

Gbèsè ìjọba Ottoman náà, Lárúbáwá ni wọ́n fi pe tiẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yáwó lẹ́yìn odi ní 1854 lásìkò ogun Crimea, nígbà tó di 1875 wọn ò lè san án bó ṣe yẹ mọ́, ní 1881 wọ́n dá àjọ “Düyun-u Umumiye” (gbèsè ìlú) sílẹ̀ láti máa gba owó orí kan fún àwọn tí wọ́n jẹ. 1954 ni orílẹ̀-èdè Túrkì san èyí tó kù tán.

Orísun ọ̀rọ̀ náà

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé inú èdè Sogdian, èdè àwọn oníṣòwò Àárín Gbùngbùn Éṣíà láyé àtijọ́, ni “borç” ti wá. Azerbaijan ń sọ “borc”, àwọn Albania tí Ottoman jọba lé lórí sì ń sọ “borxh” títí di òní.

Òwe

“Borç yiyen kesesinden yer”: ẹni tó ń jẹ gbèsè, inú àpò ara ẹ̀ ló ti ń jẹ. Àwọn náà ń jẹ ẹ́, ẹ rí i? “Alacağına şahin, vereceğine karga”, tó bá fẹ́ gbowó á di àṣá, tó bá fẹ́ san á di kannakánná. Ẹni tó jẹ gbogbo ayé lówó, wọ́n á ní “uçan kuşa borcu var”, ó jẹ ẹyẹ tó ń fò kọjá lówó.

Ohun kan ṣì wà téèyàn gbọ́dọ̀ ṣọ́. “Owing to” tí Òyìnbó ń kọ, “nítorí” ni, kò kan gbèsè. Túrkì á fi “nedeniyle”, “dolayı” tàbí “yüzünden” sí i, èyí tó kẹ́yìn yẹn tó bá jẹ́ pé nǹkan burúkú ló fà á.