Ẹ̀rọ ìgégi tí a kò mọ orúkọ rẹ̀: ṣé ayédèrú ni?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń ta jẹnẹrétọ̀ kékeré àti pọ́ǹpù omi ní Múṣin pè mí. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé fún un fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìgégi kan fún un, orúkọ tí kò gbọ́ rí. Owó rẹ̀ kò ga, èrè orí rẹ̀ sì dáa. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ti gbọ́ títí ó fi dà bí òfin lọ́jà: “Bí kì í bá ti ṣe Stihl tàbí Husqvarna, ayédèrú ni.” Ọ̀rọ̀ yẹn ti pa àwọn oníṣòwò kékeré lára lọ́nà méjì. Àwọn kan ń sá fún ọjà tí ì bá mú owó wọlé, àwọn mìíràn sì ń ra ayédèrú gan-an, torí pé orúkọ ńlá ni wọ́n kọ sí i lára.

N kò sọ pé ìgbàgbọ́ náà kò ní ìdí. Láti ọdún 1926 ni Stihl ti wà ní Jámánì. Bí o bá bá àwọn onípákó Oko Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́tà sọ̀rọ̀, àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n kó lọ sí Àgbọ́wà, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè: 070. Ẹ̀rọ ńlá ni, cc rẹ̀, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe tóbi tó, lé ní 100, òun sì ni àwọn tó ń la ìtì igi sí pákó nínú igbó Oǹdó àti Ògùn fọkàn tán. Mẹkáníìkì tó lè tú u kó sì tò ó padà láìwo ìwé pọ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà káàkiri. Ibi tí a ti ṣìnà nìyẹn. Mẹkáníìkì àti ẹ̀yà ara tó wà nítòsí ló mú kí ẹ̀rọ náà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àwa wá gbé gbogbo ọpẹ́ fún orúkọ.

Orúkọ tí a kò mọ̀ ní Èkó sì lè ti gbó níbòmíràn. Dolmar ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ ìgégi tó ń lo bẹntiróò ní ọdún 1927. Husqvarna ti Sweden, tí ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ, kò ṣe ẹ̀rọ ìgégi àkọ́kọ́ tirẹ̀ títí di 1959. Ẹ fi ṣírò: Dolmar tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí fi ọdún 32 ṣáájú Husqvarna. Makita, tí gbogbo káfíńtà mọ̀ nítorí ẹ̀rọ ìlu-ihò, ló sì ra Dolmar ní 1991. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oleo-Mac àti Efco: ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ítálì, Emak, ló ń ṣe méjèèjì. Oníṣòwò kan lè gba ọ̀kan kó sì lé èkejì jáde, láìmọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Inú ẹ̀rọ tún wá. Kàbúrétọ̀ tí wọ́n ń pè ní Zama, ẹ̀yà tó ń po bẹntiróò mọ́ afẹ́fẹ́, wà nínú ẹ̀rọ ìgégi oríṣiríṣi orúkọ, Stihl ló sì ra ilé iṣẹ́ Zama ní 2008. Ní ti àwọn ẹ̀rọ Ṣáínà oní-52cc àti oní-58cc tó kún ọjà, àwòṣe kan náà ni púpọ̀ nínú wọn; àwọ̀ àti orúkọ ni wọ́n ń pààrọ̀. Kàbúrétọ̀ ti ọ̀kan sábà máa ń wọ èkejì láìjà.

Ayédèrú ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Orúkọ tó ń tà ló máa ń jí. Nítorí náà, bí o bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n kùn ní ọsàn àti funfun, tí wọ́n kọ orúkọ ńlá sí lára, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ojúlówó ń lọ, ibẹ̀ ni kí ojú rẹ ti là. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ kò purọ́ fún ọ, bó ti wù kí orúkọ náà ṣàjèjì tó.

Ohun tó tún ń bí ìgbàgbọ́ yìí ni ìlòkulò. Ó tó ọdún méjì báyìí tí bàbá kan tó ń gé igi inú ọgbà fún àwọn onílé ní Yábàá gbé ẹ̀rọ 58cc kan wá bá mi, wọ́n sì sọ ọ́ sórí tábìlì.

“Wo nǹkan tí o tà fún mi. Mo ti sọ pé orúkọ yìí ò ṣe é fọkàn tán.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jókòó. Mo tú sàléńsà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí èéfín ń gbà jáde. Láti ibẹ̀ o lè rí písítìnì láìtú ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ tó yẹ kó máa dán ti ha láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi àkúfọ́ ìgò họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.

“Bàbá, òyìlì mélòó lẹ pò mọ́ bẹntiróò?”

“Ìdérí kan.”

“Sínú kẹ́ẹ̀gì lítà mélòó?”

“Márùn-ún.”

Ìdérí ike òyìlì yẹn kò lè gba ju mílílítà 20 lọ. Ẹ̀rọ ìgégi kò ní ibi tí òyìlì ẹ́ńjìnì ń gbé bíi ti mọ́tò. Èyí tí a bá pò mọ́ bẹntiróò nìkan ló ń ta sí písítìnì lára. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 25 sí 1, bẹntiróò lítà 5 ń fẹ́ mílílítà 200. Bó bá ní 50 sí 1, mílílítà 100 ni. Ẹ̀rọ tó lórúkọ jù láyé ì bá jóná lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ni mo gbà, torí pé nígbà tí mo tà á fún wọn, n kò fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ra ẹ̀rọ ìgégi lọ́wọ́ mi ní láti po kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ níwájú mi, mo sì ń fi ike kékeré tí wọ́n fi ń wọn òyìlì ṣe èènì fún wọn.

Àwọn kan tún ń gbé ẹ̀rọ 52cc lọ la ìtì igi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ka igi àti igi inú ọgbà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn oníbàárà rẹ bá jẹ́ alápákó inú igbó, má wulẹ̀ gbé e fún wọn. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n mọ̀ ni kí o tà fún wọn.

Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò kékeré bi ara rẹ̀ ni pé: bó bá bàjẹ́ lọ́la, níbo ni màá ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀? Nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, stáàtà tí a ń fà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóìlì, kàbúrétọ̀, àti pọ́ǹpù kékeré tó ń ta òyìlì sí ṣéènì. Ní ti ṣéènì fúnra rẹ̀, má fòyà. Ṣéènì kò mọ orúkọ. Bí àlàfo rẹ̀, nínípọn eyín ìfà rẹ̀ àti iye eyín náà bá ti bá ẹ̀rọ mu, yóò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn 58cc oní-20 ínṣì ń lo àlàfo 0.325 ínṣì, nínípọn mílímítà 1.5, eyín 76.

Má gbé káátọ̀nù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Gbé mẹ́ta. Ta méjì, kí o sì fi ìkẹta pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí stáàtà oníbàárà bá já ní ọjọ́ Ẹtì, tó sì níṣẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tú ti ìkẹta fún un. Bí ẹ̀yà bá dé, tò ó padà, kí o tà á. Kí o tó sanwó, béèrè ìwé SONCAP, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àjọ SON pé ọjà tí wọ́n kó wọlé bá ìlànà mu, kí o sì dán bíréèkì ṣéènì wò fúnra rẹ. Bí kò bá dá ṣéènì dúró lójú ẹsẹ̀, dá a padà.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi, mo sì ní kó padà lọ bá ẹni náà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: kó gbé stáàtà méjì àti kàbúrétọ̀ kan sórí tábìlì, kó sì dá owó lé wọn. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni náà ní ẹ̀yà ara ń bọ̀ nínú kọ̀ǹténà tó kàn. Àbúrò mi fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún un, ó ní bí kọ̀ǹténà bá dé, kó pe òun.